Ta Ló Mú Ìyá Pẹ́? Ìtàn Òtútù Àyà Ọmọdé Láàrin Wa

*Ọ̀RỌ̀ ÌLERA TÒNÍ*

 

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá lè kà á, ẹ bá a kà á sétí.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n sábà máa ń bi ìyá tó bá gbé ọmọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ dé ilé ìwòsàn: "Kí ló dé tí ẹ kò tètè gbé e wá?" Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìyá náà á dákẹ́, tàbí kó bú sẹ́kún. Ìbéèrè náà ní ìdí, nítorí òtútù àyà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn àrùn yìí láti ẹ̀yìn wá, a ó rí i pé kì í ṣe ìyá nìkan ló yẹ kó dáhùn. Gbogbo ìgbà tí ikú òtútù àyà dín kù, ohun méjì ló ṣẹlẹ̀: a gbé ìtọ́jú súnmọ́ ìyá, a sì gba ohun tí ojú ìyá rí gbọ́. Níbi tí a kò bá ti ṣe méjèèjì, ìyá á pẹ́ dé.

*1. ORÚKỌ TÍ A SỌ ÀRÙN NÁÀ*

Òtútù àyà ni ọ̀pọ̀ wa ń pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní nimóníà bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni àrùn náà ń gbé. Ẹ̀dọ̀fóró kún fún àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké. Bí kòkòrò àrùn bá wọ ibẹ̀, àwọn àpò náà á kún fún omi àti ọyún, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí àyè tó mọ́. Ọmọ á wá máa sáré mí, nítorí pé èémí tó ń tó o tẹ́lẹ̀ kò tó o mọ́.

Àrùn kékeré kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2019, ọmọ 740,180 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni òtútù àyà pa ní gbogbo ayé. Nínú gbogbo ọmọ 100 tó kú ní irú ọjọ́ orí yẹn, òun ló pa 14. Ní ti Nàìjíríà, UNICEF àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ṣírò pé ọmọ bíi 162,000 ló pa ní 2018. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Ẹ pín in sí ojoojúmọ́, ẹ ó rí i pé ó ju 400 lọ.

Nígbà tí orúkọ bá jẹ́ òtútù, ooru ni èèyàn á rò pé ó jẹ́ ìwòsàn rẹ̀. Ní 1996, Folasade Iyun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Göran Tomson tẹ ìwádìí kan jáde nípa ohun tí àwọn ìyá ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà gbà pé ó ń fa ikọ́ àti àìsàn èémí lára ọmọ. Òtútù tó wọ ọmọ lára ni ọ̀pọ̀ wọn dárúkọ. Ẹni tó bá ti gbé àárín wa kò ní yà á lẹ́nu. Bí ọmọ bá ti ń wúkọ́, a ó fi òrí pa á láyà, a ó wọ súwẹ́tà fún un, a ó fi aṣọ wé e, a ó ti fèrèsé.

Ìfẹ́ ló mú wa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ó ti rí: àyà ọmọ ni àmì àrùn náà wà, àyà náà ni a sì bò mọ́lẹ̀. Aṣọ tí a fi lé òtútù lọ kò jẹ́ kí a rí ohun tí àyà náà ń ṣe.

*2. KÍ OÒGÙN TÓ DÉ*

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ìyá àgbà wa kò gbọ́n. Ó pẹ́ tí Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ọmọ náà ń ṣe. A ń sọ pé ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, pé ó ń mí gúlegúle, pé ìhà rẹ̀ ń wọlé. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kò ní sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n rí àmì náà dáadáa. Oògùn tó lè pa kòkòrò náà ni kò sí lọ́wọ́ wọn.

Kò sí lọ́wọ́ Òyìnbó náà nígbà yẹn. Ní 1938 ni ilé iṣẹ́ May & Baker ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé hóró oògùn kan jáde tí wọ́n pè ní M&B 693, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn àkọ́kọ́ tó ń ṣẹ́gun òtútù àyà. Ní oṣù Kejìlá 1943, nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, òtútù àyà mú Winston Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, M&B ni wọ́n sì fi tọ́jú rẹ̀. Ní 1944, ilé iṣẹ́ náà dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn tó ti dàgbà láàrin wa á rántí orúkọ M&B. Penicillin tí Alexander Fleming ti ṣàwárí ní 1928 náà wá di ohun tí gbogbo ayé ń lò lẹ́yìn tí ogun parí ní 1945.

Oògùn ti wà nígbà náà, ibi tí ó wà ló jìnnà. Ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà láti 1907. Ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì SIM ní Ẹ̀gbẹ́, lọ́dọ̀ àwọn ará Yàgbà, bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Wọ́n gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ìyá kan ní abúlé kan ní Ìsin nígbà náà, tí àyà ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní alẹ́, tí ọkọ wà lóko, tí kò sí mọ́tò títí di ọjọ́ ọjà. Òtútù àyà lè pa ọmọ jòjòló láàrin ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ dé, ọ̀nà ló pẹ́.

*3. ÌMẸ̀SÍ-ILÉ: ÌYÁ NI WỌ́N FÚN NÍ ÌWÉ*

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà kò jìnnà sí wa rárá. Ìmẹ̀sí-Ilé ni, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítòsí Òkè-Ìlá tí wọ́n jẹ́ Ìgbómìnà bíi tiwa.

Ní 1956, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ David Morley wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ tán kí wọ́n tó dé, ó sì rí i pé àwọn àrùn tí a lè tètè dá dúró ló ń pa wọ́n: òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru, ibà, èéyi, àìjẹun dáadáa. Láti 1957, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí wọn. Ó dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Ibi ìtọ́jú náà yàtọ̀. Lábẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti ń wọn ọmọ tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n ti ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n sì ti ń tọ́jú èyí tó ń ṣàìsàn. Kò sí pé kí ìyá lọ kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ níbẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọn kò dúró de dókítà kí wọ́n tó fún ọmọ tí èémí rẹ̀ ń sáré ní oògùn.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí. Káàkiri ayé nígbà náà, ilé ìwòsàn ni ìwé aláìsàn ń gbé. Morley fi ti ọmọ sínú ike, ó sì gbé e fún ìyá pé kó mú un lọ sílé. Àwọn kan sọ pé yóò sọnù. Àwọn ìyá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ìwé náà tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọmọ rẹ̀ sì ni káàdì tí ẹ̀yin náà ń gbé wá fún àjẹsára lónìí. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Mẹ̀sí tó wà nítòsí rẹ̀, tí kò ní irú ibi ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ikú ọmọdé kéré ní Ìmẹ̀sí ju ti Òkè-Mẹ̀sí lọ.

Ìyá Òkè-Mẹ̀sí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ kéré sí ti Ìmẹ̀sí. Ohun tó wà nítòsí wọn ni kò dọ́gba.

*4. KÍKA ÈÉMÍ*

Ìṣòro kan ṣì kù. Ọmọ tó ń wúkọ́ pọ̀, èyí tó ní òtútù àyà nínú wọn kò pọ̀. Báwo ni ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán àyà yóò ṣe dá wọn mọ̀?

Ìdáhùn wá láti Papua New Guinea, ilẹ̀ olókè kan lẹ́bàá Ọsirélíà. Ní 1984, dókítà Frank Shann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí ní ìlú Goroka jáde. Wọ́n ní bí ọmọ tó ń wúkọ́ bá ń mí ju ìgbà 50 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fún un ní oògùn. Bí àyà rẹ̀ bá tún ń wọlé nígbà tó ń mí sínú, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn. Ojú àti aago ló gbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé e yẹ̀ wò, wọ́n tún un ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́ orí, òun la sì ń lò títí dòní.

Ẹ wò ó dáadáa: èémí tó ń sáré àti ìhà tó ń wọlé. Ohun kan náà tí àwọn ìyá àgbà wa ti ní ọ̀rọ̀ fún látọjọ́ tó ti pẹ́ ni. Sáyẹ́ǹsì rìn jìnnà, ó sì padà wá bá ìyá lójúlé rẹ̀.

Ní India, ní agbègbè Gadchiroli, àwọn dókítà Abhay Bang àti Rani Bang kọ́ àwọn ará abúlé àti àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ bí wọ́n ṣe lè mọ òtútù àyà, kí wọ́n sì fún ọmọ ní oògùn nílé rẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 1990 fi hàn pé ikú òtútù àyà dín kù gan-an ní àwọn abúlé náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbẹ̀bí yẹn kò mọ̀wé.

*5. TIWA NÍLÉ*

Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé, jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992. Òun ló ti ètò ìlera alábọ́dé lẹ́yìn pé kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ àti abúlé. Nígbà tí wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin sílẹ̀ ní 1996, tí wọ́n yọ ọ́ lára Ìrẹ́pọ̀dùn, tí Òwu-Ìsin sì di olú-ìlú rẹ̀, ètò yẹn ló yẹ kó súnmọ́ wa sí i. Ní ìpínlẹ̀ Niger tó bá Kwara pààlà, àti ní Abia, láti 2013 sí 2017, wọ́n kọ́ àwọn tí ará abúlé fúnra wọn yàn láti máa ka èémí ọmọ, kí wọ́n sì máa fún un ní amoxicillin láìjẹ́ pé ìyá rìn jìnnà.

Àjẹsára náà dé. Láti 2012 ni wọ́n ti ń mú abẹ́rẹ́ alámárùn-ún wọ Nàìjíríà, ó sì ń dènà ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tó ń fa òtútù àyà. Ní ìparí 2014, èyí tí à ń pè ní PCV, tó ń dènà òmíràn, tẹ̀lé e. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni a ń gba méjèèjì. Ti èéyi ní oṣù 9 náà ṣe pàtàkì, nítorí èéyi sábà máa ń fà òtútù àyà lẹ́yìn.

*6. TA LÓ WÁ Ń MÚ ÌYÁ PẸ́?*

Ní 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine kọ̀wé nípa ikú àwọn aboyún, wọ́n sì pín ìdádúró sí mẹ́ta: ìdádúró kí a tó pinnu láti lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró lẹ́yìn tí a ti dé ilé ìwòsàn. Ó bá ọ̀rọ̀ ọmọdé mu gẹ́lẹ́.

_Ti àkọ́kọ́, inú ilé ló wà._ Ìyá rí i pé èémí ọmọ yàtọ̀. Ó sọ fún ìyá ọkọ, ìyá ọkọ ní kí a kọ́kọ́ fún un ní àgbo. Ó pe ọkọ ní Ìlọrin tàbí Èkó, fóònù kò wọlé. Ọkọ pe padà ní alẹ́, ó ní kí wọ́n ra oògùn ikọ́ ní kẹ́míìsì ná, òun á fi owó ránṣẹ́ lọ́la. Ọjọ́ kejì, ọmọ kò lè mu ọmú mọ́. Ìyá yìí rí àrùn náà lọ́jọ́ kìíní. Àṣẹ àti owó ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

_Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ojú ọ̀nà ló wà._ Òru, òjò, ọ̀kadà tí kò fẹ́ jáde, owó epo tó gbówó lórí.

_Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀dọ̀ àwa òṣìṣẹ́ ló wà._ Ìyá lè dé kó bá ilẹ̀kùn ní títì, kó má bá amoxicillin, tàbí kó bá ibi tí kò sí ọ́ksíjìn. Láti 2015, àwọn olùwádìí, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke Falade ti Ìbàdàn wà lára wọn, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn 12 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ ọ́ksíjìn. Wọ́n mú ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi há ìka ọmọ wọ ibẹ̀, kí òṣìṣẹ́ lè mọ ọmọ tí ọ́ksíjìn ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, nítorí ojú lásán kì í fìgbà gbogbo rí i. Ìjọba ló ni iṣẹ́ èyí, àwa ará ìlú ló sì yẹ kí a máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹnu tí a fi bá ìyá sọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Ìyá tí a bá pariwo mọ́ lónìí lè jókòó sílé bó bá di ọjọ́ mìíràn.

*7. OHUN TÍ A Ó ṢE*

Fóònù tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí ní aago nínú. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ tàbí tí èémí rẹ̀ ṣòro:

👉 Ẹ ṣí aṣọ rẹ̀ sókè kí ẹ lè rí àyà àti ikùn rẹ̀. Kó má máa sunkún, kó má máa mu ọmú lọ́wọ́.

👉 Ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí àyà bá gòkè tó sì sọ̀kalẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn.

👉 Èémí ti ń sáré jù nìyí:
• Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2: 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ
• Oṣù 2 sí kí ó tó pé ọdún 1: 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ
• Ọdún 1 sí kí ó tó pé ọdún 5: 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ

👉 Bó bá pé iye yìí, ilé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 kò gbọdọ̀ dúró rárá.

🚨 Ẹ má ka nǹkan kan mọ́, ẹ gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọlé nígbà tó ń mí sínú, bí kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bó bá ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, bí gìrì bá mú un, tàbí tó ń sùn tí kò ṣe é jí.

Bí wọ́n bá fún yín ní amoxicillin, ẹ lò ó tán bí wọ́n ṣe ní kí ẹ lò ó, kódà bí ara ọmọ bá ti yá ní ọjọ́ kejì. Ẹ má fi èyí tó ṣẹ́kù lára ẹ̀gbọ́n tọ́jú àbúrò. Ẹ má rọ àgbo sí ọmọ tí èémí rẹ̀ ń sáré lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má gbé ọmọ pọ̀n sídìí ààrò tí èéfín ti ń rú. Òrí tí ẹ fi pa á lára kò pa á lára, ṣùgbọ́n kì í wo òtútù àyà.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí parí sí lọ́wọ́. Ẹ sọ ọ́ lónìí, nígbà tí ara ọmọ ṣì le: "Bí èémí ọmọ bá yí padà, má dúró dè mí, gbé e lọ." Ẹ fi owó ọ̀kadà díẹ̀ sílẹ̀ sí ibi tí ìyá ọmọ mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ra nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ojú yín ti rí púpọ̀. Bí ìyàwó bá ní èémí ọmọ kò dára, ẹ bá a ṣí aṣọ ọmọ náà kí ẹ jọ wò ó, kí ẹ sì bá a wá ẹni tí yóò gbé wọn lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Olúwa yóò bá wa dá àwọn ọmọ wa sí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí, sí ẹgbẹ́, sí ìjọ àti mọ́sálásí, pàápàá sí àwọn bàbá tó wà lẹ́yìn odi.

Èmi nọ́ọ̀sì yín ní Òwu-Ìsin. Ire o. 🙏